Orúkọ Fóònù Lẹ́nu Wa àti Lórí Òṣùwọ̀n Google

Ní ayé àtijọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan gbajúmọ̀ láàrin ìlú, etí rẹ̀ ni yóò fi ṣe òṣùwọ̀n. Yóò jókòó sí ìdí àtẹ àwọn ọlọ́jà, yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ọjà wọn. Yóò wọ ọkọ̀, yóò gbọ́ bí èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹni tí yóò bá a jiyàn kò pọ̀. Ní òde òní, òṣùwọ̀n mìíràn ti dé. Ilé-iṣẹ́ Google, tí gbogbo ayé ń bi ní ìbéèrè tọ̀sán-tòru, ṣí ojú ewé kan sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ ní ọdún 2006, wọ́n sì sọ ọ́ ní Google Trends. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ sí i, títí dé ọ̀rọ̀ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó yan orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́, kí ó sì yan ìgbà tí ó wù ú láti ọdún 2004 títí di òní. Ojú ewé náà yóò sì fa ìlà fún un, ìlà tí ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, láti fi hàn bí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó. A kì í san owó níbẹ̀. Ohun dáradára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí a fẹ́ fi òṣùwọ̀n yìí dá ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́jọ́ ikú, ìdí nìyí tí mo fi mú gègé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un ní ìyìn tí ó tọ́ sí i. Bí ẹ bá kọ Nokia, BlackBerry àti iPhone sójú ewé náà, tí ẹ sì yan Nàìjíríà, ìtàn nǹkan bí ogún ọdún ni yóò là sílẹ̀ níwájú yín bí ẹni tẹ́ ẹní. Nokia ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lókè, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbà náà, Nokia àti fóònù, ọ̀kan náà ni. Ta ni yóò gbàgbé Nokia 1100, tí ó jáde ní ọdún 2003, èyí tí ó ní iná tọ́ọ̀ṣì lórí? Ó lé ní 250 mílíọ̀nù tí wọ́n tà nínú rẹ̀ ní gbogbo ayé, àwa tí a sì mọ bí iná mànàmáná ti ń ṣe ní ilẹ̀ wa kò níí béèrè ìdí tí tọ́ọ̀ṣì náà fi wù wá. Lẹ́yìn náà ni BlackBerry yọ. Ó gòkè ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í béèrè nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ara wọn mọ́, àfi píìnì. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 wọ́n ti BBM pa mọ́ gbogbo ènìyàn lójú, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà kò bójú tó àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ìlà iPhone ní tirẹ̀ dà bí òkìtì ọ̀gán tí ó tò tẹ̀lé ara wọn: bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń dé, tí wọ́n gbé tuntun jáde, ìlà náà a tún yọ gọngọ.

Ó tún dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ohun kan ṣoṣo ti ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Cell phone ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ, mobile phone ni ti àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Celular ni àwọn ará Brazil ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ Potogí, tí àwọn àti Brazil jọ ń sọ èdè kan náà, ń pè é ní telemóvel. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ará Jámánì. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, Handy, wọ́n fi í ṣe orúkọ fóònù alágbèéká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í pe fóònù bẹ́ẹ̀; ohun tí ó rọrùn láti lò ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lẹ́nu tiwọn. Ẹni tí kò mọ èyí, tí ó wá ń fi Jámánì wé Lọ́ńdọ̀nù lórí òṣùwọ̀n yìí, ohun méjì tí kò bá ara wọn tan ni ó ń wọ̀n pọ̀.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ fura sí ìlà wọ̀nyí nìyẹn. Ìfura mi pọ̀ sí i nígbà tí mo wo ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí fóònù alágbèéká di ti gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ méjì tí ó ṣíwájú ni MTN àti Econet. Econet yìí di Vodacom fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 2004, ó sì di Vmobile ní ọdún kan náà. Ó di Celtel ní 2006, ó di Zain ní 2008, ó di Airtel ní 2010. Ẹni tí ó bá ń wo ìlà àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò rò pé ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ni ó jà tí wọ́n sì ń pa ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà tí ẹlòmíràn rà ní ọdún 2001 náà ni ó ń lò títí di òní, tí kò sí ohun tí ó yí padà bí kò ṣe àwọ̀ pátákó ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń pè é ní Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì títí Zain fi wọlé tí ó sì jáde. Òun kò ka ìyókù sí orúkọ. Ó ní àbíkú nìkan ni wọ́n ń yí orúkọ fún tó bẹ́ẹ̀. Etisalat náà di 9mobile ní 2017, ó sì di T2 ní 2025.

Ó yẹ kí á mọ bí òṣùwọ̀n náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òwò kóńgò kì í yé ẹni tí kò bá wo ìdí kóńgò. Ìlà yìí kò ka iye ènìyàn rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bu díẹ̀ nínú gbogbo ìbéèrè tí a béèrè ní ibì kan ní ìgbà kan, ó ń wo ìdá tí ọ̀rọ̀ kan kó nínú wọn, ó sì ń fún ìgbà tí ìdá náà ga jù lọ ní 100. Gbogbo ìgbà yòókù di ohun tí a ń fi wé 100 yìí. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ní ìlú kan wọ́n béèrè 1,000 ìbéèrè ní ọdún kan, tí GSM sì wà nínú 10. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, yóò sì gba 100 bí kò bá sí ìgbà tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn tí ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí i, ìbéèrè di 10,000, GSM sì wà nínú 30. Àwọn tí ń béèrè rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìlà yóò já wálẹ̀ láti 100 sí 30, ẹni tí ń wò ó yóò sì máa kígbe pé GSM ti kú. Òdo tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó béèrè. Àwọn tí ó ṣe òṣùwọ̀n náà fúnra wọn sọ ọ́ pé ìtumọ̀ òdo ni pé ohun tí àwọn rí kò pọ̀ tó èyí tí àwọn lè wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ òdo yìí ni ó kàn mí gan-an. Àwa mẹ́rin kan ní Ìbàdàn ni a gbìmọ̀ láti kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé orúkọ àwọn ohun èlò òde òní ní Yorùbá. A ti ń bá a bọ̀ fún oṣù mélòó kan nígbà tí àbúrò wa tí ó kéré jù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú, gbé bébà kan wá sí ìpàdé. Ó ti kọ phone, foonu, ero ibanisoro àti ero alagbeeka sórí Google Trends. Ìlà phone wà lókè téńté. Àwọn mẹ́ta yòókù sùn sílẹ̀ gbalaja bí okùn tí ó já.

“Bàbá, ẹ wò ó,” ni ó wí. “Òdo nìyí. Òdo nìyí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ yìí, kò sí ẹni tí ń lò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á pa wọ́n rẹ́, kí á kọ phone bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ ọ́.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí; ọmọ tí a kọ́ tí ó sì gbẹ̀kọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún. Kí n tó fèsì, ìyá kan láàrin wa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, gbé fóònù tirẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, “Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń lo kiní yìí. Ìgbà wo ni mo bi Google léèrè pé kí ni fóònù?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i pé Màmá ti fọwọ́ kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè ni òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n, ènìyàn kì í sì béèrè ohun tí ó mọ̀ bí ẹní mọ owó. Ẹni tí ń wá iPhone lórí Google, lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì ní in ni, iye rẹ̀ ni ó fẹ́ mọ̀; ẹni tí ń wá BlackBerry ní ọdún 2012, bóyá èyí tí ó ní ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti wọ inú ilé pátápátá, bí iyọ̀, bí omi, bí fóònù, kò sí ẹni tí yóò jókòó máa béèrè rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àjèjì ni Google jẹ́ lójú wa. Bí obìnrin kan bá fẹ́ mọ ìdí tí fóònù rẹ̀ kò fi gba iná, Yorùbá ni yóò fi bi àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé iwájú Google, yóò yí ahọ́n padà, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, nítorí pé ó ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn fi pọ̀ níbẹ̀. Òun kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tí ó bá àjèjì sọ nìkan ni ìlà fi hàn.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún ń bẹ lẹ́yìn èyí. Àwọn tí ń fi fóònù kọ Yorùbá kì í sábà fi àmì sí i, nítorí pé bọ́tìnì rẹ̀ kò sí níbi tí ọwọ́ ti tètè ń tó o. Ẹ wo bébà ọmọ wa: ero ni ó kọ. Èwo nínú wọn? Ṣé ẹ̀rọ tí a ń lò ni, tàbí èrò inú, tàbí èrò ọkọ̀ tí ń ké pe kọ̀ndọ́, tàbí ẹ̀rọ̀ tí a ń wá sí ọ̀rọ̀ tí ó le? Gbogbo wọn di ọ̀kan lójú ẹ̀rọ tí kò ní etí. Bí a bá sì fi àmì sí i, wàhálà mìíràn dé, nítorí pé òṣùwọ̀n yìí kì í tún àkọtọ́ ẹnikẹ́ni ṣe: ẹni tí ó kọ foonu, ẹni tí ó kọ fóònù, ẹni tí ó kọ fone, ọ̀tọ̀ ni ó ń ka olúkúlùkù wọn sí. Orílẹ̀-èdè ni ó sì fi ń pín ayé. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, abẹ́ Benin ni yóò kà wọ́n sí, láàrin àwọn tí ń fi Faransé kọ ìbéèrè.

Síbẹ̀ ohun tí ó dùn mí jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kò tilẹ̀ lè dé orí òṣùwọ̀n náà rárá, nítorí pé ẹnu ni ilé wọn. Ẹ gbọ́ “tẹ̀ mí láago”. Láti ìgbà tí tẹlifóònù ti jẹ́ ohun dúdú ńlá tí ń jókòó sórí tábìlì ọ́fíìsì, tí agogo rẹ̀ ń dún tí gbogbo ilé ń gbọ́, ni a ti ń sọ ọ́. Lónìí kò sí agogo nínú fóònù mọ́. Òmíràn ń kọrin, òmíràn ń gbọ̀n nínú àpò bí ẹni tí òtútù mú. Ọ̀rọ̀ náà kò bá agogo lọ. Ọmọ ogún ọdún tí kò rí tẹlifóònù àtijọ́ sójú rí ń sọ pé, “Mo tẹ̀ yín láago, ẹ ò gbé e.” Ẹ gbọ́ “gbé e” yẹn pẹ̀lú: kí ni ó gbé? Ìka kan ni ó fi kàn án. Bí ẹ bá wá kọ aago sórí Google, aago tí a fi ń mọ àkókò ni yóò bá yín wá.

Tàbí kí á mú “fíláàṣì”. Ní ọdún 2001, owó ìpè tó ₦50 ní ìṣẹ́jú kan, bí ènìyàn bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré sọ̀rọ̀, owó odindi ìṣẹ́jú ni wọn yóò yọ, títí Globacom fi dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà ni ọgbọ́n fi jáde: kí ènìyàn pe ẹlòmíràn, kí ó sì já a kí onítọ̀hún tó gbé e. Èyí ni fíláàṣì, ìwà ọmọlúàbí sì wọ inú rẹ̀ lọ́gán. Ọmọ kì í fíláàṣì bàbá rẹ̀ àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá le. Àna kì í fíláàṣì àna. Ẹni tí ó rí towó ṣe tí ó sì ń fíláàṣì ènìyàn kiri, orúkọ mìíràn wà tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Àwọn mìíràn ṣe àdéhùn: ẹ̀ẹ̀kan, mo ti dé ilé, ẹ̀ẹ̀mejì, jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Àrokò gidi nìyí, ọmọ àrokò tí àwọn bàbá wa ń fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ pa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a yá, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí a wọ̀ fún un, ilẹ̀ wa ni a ti rán an. Google Trends kò lè yọ fíláàṣì yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà.

Èmi kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá dá sílẹ̀ ni ó ń gbé lẹ́nu ènìyàn. Ní ọdún 1935 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí so àpótí rédíò mọ́ ara ògiri ilé ní Èkó, asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tí ó ní. Orúkọ dáradára, ó pani lẹ́rìn-ín, òtítọ́ sì ni. Rédíò ni ó borí. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní ọdún 1959, amóhùnmáwòrán rí ibùgbé lẹ́nu àwọn akàròyìn, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, mo ti pẹ́ láyé díẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí ìyá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ pa ayárabíàṣá kí ó wá jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pè é lójoojúmọ́ fún àwọn olùgbọ́ wọn, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, àwọn olùgbọ́ sì ń fi ránṣẹ́, awakọ̀, aránṣọ, ìyá aláta, títí ọ̀rọ̀ náà fi mọ́ wọn lẹ́nu. Mo kọ ayárabíàṣá àti àtẹ̀jíṣẹ́ sórí òṣùwọ̀n ọmọ wa, mo fi phone sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Òdo kan náà ni ó kọ fún àwọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin alààyè àti ẹni tí ó ń kú lọ, kí ni a ó fi ṣe níbi ìsọmọlórúkọ?

Bí ó bá jẹ́ pé eré lásán ni ìwé wa, ǹ bá dákẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí á fi máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí á padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí yóò ka ìwé wa yìí, bóyá kò níí rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní kíkọ níbòmíràn mọ́. Ohun tí a bá pa rẹ́ nítorí ìlà kan lórí bébà, ta ni yóò tún un kọ fún un?

A kò pa wọ́n rẹ́. Fóònù ni a kọ ṣáájú, nítorí pé òun ni ó wà lẹ́nu. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, nítorí pé ọmọ náà yóò gbọ́ ọ nínú ìròyìn, yóò sì bá a pàdé nínú ìdánwò. Tẹ̀ láago ní àyè tirẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ní àyè tirẹ̀. Mo gbìyànjú láti yọ ayárabíàṣá kúrò, ṣùgbọ́n Màmá kò gbà, ó ní àwọn ọmọ fẹ́ràn àṣá. Ọmọ wa náà kò sì ju òṣùwọ̀n rẹ̀ nù. Òun ni a fi ṣe ìtàn Nokia àti BlackBerry ní ẹ̀yìn ìwé, pẹ̀lú àwòrán ìlà wọn. Nísinsìnyí ó ń gbé fóònù rẹ̀ lọ sí Bódìjà ní ọjọ́ ọjà, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá wa láti gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń pe oníbàárà wọn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ó mú bọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo kún ojú ewé méjì.

Fíláàṣì nìkan ni a kò tíì rí yanjú. Màmá ní kí á kọ ọ́ ní filáàṣì, ọmọ wa ní kí á fi í sílẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́, ẹnì kẹrin wa sì ní ní Ìjẹ̀bú ọ̀tọ̀ ni bí àwọn ti ń gbé ohùn rẹ̀. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, àyè rẹ̀ ṣófo láàrin fídíò àti fóònù.